Ọjọ́ Tí Mo Dùbúlẹ̀ fún Ìjọba

N kò ṣàìsàn lọ́jọ́ náà. Ara mi dá ṣáṣá. Láàárọ̀, mo ti gbálẹ̀, mo ti pọnmi láti kànga, mo sì ti gbé àwọn ọjà wẹ́wẹ́ tí mò ń tà síta kí oòrùn tó yọ dáadáa. Síbẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, èmi náà ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, tí wọ́n lẹ okùn omi mọ́ mi lọ́wọ́ kan, tí èèyàn pàtàkì kan di ọwọ́ kejì mú, tí kámẹ́rà ń wo àwa méjèèjì.

Abúlé tí à ń gbé wà létí ọ̀sà, lẹ́yìn Ìkòròdú. Apẹja Ìlàjẹ ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa. Àwa yòókù, àlejò ni wá, a kó wá síbẹ̀ nítorí pé owó ilé ibẹ̀ kò tíì ga. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ìkòròdú nígbà tí mo wà lọ́mọge, ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, àga. Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà títí mo fi lọ́kọ, títí àwọn ọmọ mi fi dàgbà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí dọ́là náà sì ń fò lọ sókè, ọ̀gá wa pè wá jọ sí àgbàlá. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì tí òun ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ èrè orí ike run, ohun èlò tí òun sì ń rà láti òkè òkun kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní ká máa lọ sílé ná. Ọ̀rọ̀ “ná” yẹn la gbé dání tí a ń retí, títí wọ́n fi wá tú àwọn ẹ̀rọ, tí wọ́n kó wọn sínú tírélà lọ.

Ọkọ mi, bíríkìlà ni. Ibi tí ilé bá ti ń kọ́ ló máa ń lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí sìmẹ́ǹtì ṣe wá gbówó lórí, àwọn tó ń kọ́lé kò pọ̀ mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó wà ní ìlú mìíràn tí wọ́n ti pè é síṣẹ́. Èmi ń ta bisikíìtì, ọṣẹ àti omi inú ọ̀rá níwájú ilé. Rédíò ń sọ pé ọrọ̀ ajé ti ń gbérí. N kò lè bá rédíò jiyàn, n kò kàn mọ ibi tó ń gbé orí náà sí ni. Ní tiwa, ìrẹsì ti di oúnjẹ ọdún.

Ìyá ẹgbẹ́ òṣèlú wọ́ọ̀dù wa ló wá bá mi. Ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ló máa ń pín nǹkan bí nǹkan bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, nítorí náà gbogbo wa là ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀, òun náà a sì máa dá a padà fún wa.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya ọ̀túnla sọ́tọ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá ṣí ilé ìwòsàn wa.”

Mo mọ ilé ìwòsàn náà. Ojú wa ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n pa á tì, tí koríko hù kúnnú rẹ̀, tí wọ́n tún padà sídìí rẹ̀ nígbà tí ìbò ń bọ̀. Wọ́n ti wá kùn ún báyìí, ó funfun, etí fèrèsé rẹ̀ ní àwọ̀ ewé.

“Ṣé ká wá jó kí wọn káàbọ̀ ni?”

“Rárá o. Àwọn tó máa jó ti pé. Ẹni tó máa dùbúlẹ̀ ni mò ń wá.”

“Dùbúlẹ̀ báwo?”

“Bí aláìsàn. Ṣé wọ́n lè wá ṣí ilé ìwòsàn kó ṣófo ni? Kámẹ́rà ń bọ̀.”

“Àìsàn wo ló wá ń ṣe mí?”

“Èyí tó bá wù yín.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣáà má mú èyí tó ń ràn, kí ọ̀gá má lọ sá.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn nìyẹn: pé mo rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n máa fún wa ní ìrẹsì àti òróró. Mo ní mo ti gbọ́. N kò ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi, n kò sì ní kí n lọ rò ó wò ná.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n ti ta àtíbàbà ká iwájú ilé náà, àga tí wọ́n háyà tò lọ bẹẹrẹ, orin sì ń dún tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìbeṣè á máa gbọ́ ọ. Wọ́n kó wa gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Àwọn bẹ́ẹ̀dì ti wà nínú yàrá, wọ́n tuntun débi pé wọn kò tíì bó ọ̀rá kúrò lára fóòmù. Wọ́n kàn tẹ́ aṣọ funfun lé ọ̀rá náà lórí ni, bí èèyàn bá mira díẹ̀, á máa dún lábẹ́ ẹni. Nọ́ọ̀sì kan tí n kò rí rí ní abúlé wa ló lẹ okùn omi mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Kò gún mi lábẹ́rẹ́.

Ó ní, “Ẹ má gbé ọwọ́ yẹn sókè, Mà. Ó lè já.”

Kò wo ojú mi. Bóyá ojú ń ti òun náà, bóyá ó sì ti ṣe é níbi púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì gbé ọmọ jòjòló dání, ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n, kò sì yéé ké.

A dúró títí. Èèyàn ńlá kì í tètè dé. Fáànù ń yí, kò sí ẹni tó ń pè mí wá tajà, kò sí ohun tí mò ń gbé. Oorun gbé mi lọ. Ariwo ìlẹ̀kùn ló jí mi, mo sì rí wọn tí wọ́n wọlé rẹpẹtẹ, agbádá ń gbá ara wọn, kámẹ́rà wà níwájú. Ọkùnrin pàtàkì náà yà sọ́dọ̀ mi tààrà. Ó tẹríba díẹ̀, ó di ọwọ́ mi tí kò ní okùn mú.

“Màmá, báwo ni ara?”

Wọ́n ti kọ́ mi ní ohun tí n ó sọ: ara ti ń yá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, omijé ló jáde. N kò pè é, n kò mọ ibi tó ti wá. Bóyá nítorí ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti bi mí bí ara ṣe rí, tó sì dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo sunkún débi pé èjìká mi ń gbọ̀n. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ náà gbẹ láé, mo ṣàdúà fún òun, fún ọmọ rẹ̀, fún ìjọba lápapọ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó kọjú sí kámẹ́rà.

“Ẹ̀yin náà rí i,” ni ó wí. “Owó ìlú ti dé ọ̀dọ̀ ará ìlú.”

Wọ́n lọ. Ọkọ̀ wọn kò tíì rìn jìnnà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan fi wọlé, tí wọ́n ń ká aṣọ, tí wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì síta.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé, “Ibo lẹ ń gbé e lọ?”

“Ibòmíì ni wọ́n tún máa ṣí lọ́la, Mà. Ẹ dákun, ẹ bọ́ sílẹ̀.”

Mo bọ́ sílẹ̀. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó fáànù, wọ́n tú àtíbàbà. Mo dúró wò wọ́n pẹ̀lú ìrẹsì lórí mi. Mo ń rò ó pé ohun tí wọ́n san fún orin, fún àga àti fún ọkọ̀ tó ń kó bẹ́ẹ̀dì káàkiri á ti tó fi ra bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀ fún wa, kan ṣoṣo péré. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi pé ta ni èmi tí mò ń ṣe ìṣirò fún wọn. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ sílé kí àwọn ìyàwó apẹja má baà rí ẹrù orí mi. Mo se ìrẹsì náà nírọ̀lẹ́. Ó dùn.

Ohun tí n kò rò ni pé Ẹ̀pẹ́ ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá mi kò ní tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò wọn kan tó ní sólà ni wọ́n ti máa ń wo ìròyìn. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ kejì nígbà tí ojú mi yọ: èmi lórí bẹ́ẹ̀dì, okùn lọ́wọ́, tí mò ń sunkún. Wọ́n ní igbe tí àwọn ké, ẹni tó ń ṣe àlùwàlá níta ju búta sílẹ̀. Wọ́n pe fóònù mi. Fóònù mi ti kú. Iná ti lọ tipẹ́, ẹni tó sì máa ń bá wa fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù ti pa á tì nítorí owó epo. Wọ́n pè, wọ́n pè. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi, wọ́n ń tọrọ ẹ̀mí mi lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn ni wọ́n dá owó ọkọ̀ jọ fún wọn.

Bí wọ́n ṣe kírun àsùbáà tán ni ìyá mi wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n gba Ìtóìkín wá, ògì gbígbóná wà nínú fíláàsì, ẹja yíyan wà nínú ìwé tí wọ́n fi aṣọ wé. Wọn kò wá sílé mi. Kí ni wọ́n máa wá ṣe nílé mi nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì? Orúkọ abúlé àti ilé ìwòsàn tí wọ́n gbọ́ nínú ìròyìn ni wọ́n dá fún ọlọ́kadà, ó sì gbé wọn lọ tààrà. Ọlọ́kadà yẹn ló sọ ìyókù fún mi.

Àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi lọ yọjú lójú fèrèsé. Yàrá ṣófo, ilẹ̀ lásán ni. Ọlọ́dẹ yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó ń jẹ búrẹ́dì.

Ìyá mi ní, “Ọmọ mi dà?”

“Ọmọ wo, Màmá?”

“Èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rí i lánàá.”

“Kò sí aláìsàn kankan níbí mọ́, Màmá. Wọ́n ti kó gbogbo wọn lọ.”

Òótọ́ ni ọlọ́dẹ sọ, kò sì ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n létí ìyá tó wá wo ọmọ, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn ní. Ọlọ́kadà ní ìyá mi kò kọ́kọ́ sunkún. Wọ́n rọra gbé fíláàsì kalẹ̀, wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n jókòó sórí iyanrìn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Oríkì tí wọ́n fi máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún nígbà tí mo wà ní kékeré ni wọ́n ń kì, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń sìnkú. Ọlọ́dẹ gbàgbé búrẹ́dì sẹ́nu. Nígbà tí ọlọ́kadà ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ṣe àpèjúwe mi fún un, irú ẹni tí mo jẹ́, ohun tí mò ń tà. Ló bá fọwọ́ lérí.

“Ṣé ìyá tó ń ta bisikíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ni? Màmá, mo ra omi lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ yìí!”

Mò ń sá aṣọ nígbà tí ọ̀kadà náà dúró. Mo yíjú, mo rí ìyá mi láìsí ìborùn lórí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò rí orí ìyá mi níta gbangba rí. Irun wọn ti funfun tán, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Iyanrìn wà lára ìró wọn. Wọ́n ń fọwọ́ kàn mí lójú, lọ́rùn, láyà, wọ́n wá gbé ọwọ́ mi sókè níbi tí gọ́ọ̀mù báńdéèjì ṣì ti lẹ̀ mọ́ ọn.

“Níbo ni wọ́n ti gún ẹ?”

“Màámi, ẹ wọlé ná.”

Mo fún wọn lómi. Mo bu ìrẹsì fún wọn, nítorí òun ló wà nílé. Ebi ti pa wọ́n, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láàárín òkèlè sí òkèlè. Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́. Mo gbójú sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìrẹsì, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n wo abọ́ náà. Wọ́n fi ìdérí dé e, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n gbé omi ìfọwọ́ wá.

Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Ìyá mi mọ èébú bú dáadáa, gbogbo ìdílé wa mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: “Lọ́jọ́ Àìkú, wàá bá mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ṣàdúà fún ẹ á fẹ́ rí ẹ.”

“Kí ni kí n sọ fún wọn?”

“Ohun tó bá wà lẹ́nu ẹ ni kó o sọ.”

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣe àsàlátù ní Ẹ̀pẹ́. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dìde, ìborùn funfun gba gbogbo ojú, wọ́n ń dì mọ́ mi. “Alihamudulilahi! Ẹ wò ó bí ara rẹ̀ ṣe ń dán!” Ìyá Àdínì, olórí wọn, fà mí sáàárín.

“Ọmọ wa, sọ fún wa. Kí ni Ọlọ́run ṣe fún ẹ?”

Mo wo ìyá mi. Tẹ̀súbáà ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò.

“N kò ṣàìsàn,” ni mo wí.

“Ẹ gbọ́ bí ẹni tó nígbàgbọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀!” ni ẹnì kan wí, àwọn yòókù sì ṣe “Àmín.”

“Rárá, Màmá. N kò ṣàìsàn rárá ni. Wọ́n ní kí n wá dùbúlẹ̀ ni.”

Mo wá sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi, láti orí bẹ́ǹṣì títí dé orí ọkọ̀ tó kó bẹ́ẹ̀dì lọ. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti dá owó ọkọ̀ jọ nígbà tí kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. “Ṣé fóòmù rẹ̀ rọ̀?”

“Ó rọ̀, Màmá.”

“Fáànù wà níbẹ̀?”

“Ó wà.”

“Ó sì ń yí?”

“Ó ń yí, Màmá.”

Ó mí kanlẹ̀. “O ṣáà sinmi díẹ̀.”

Ẹnì kan pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé pa mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ràn káàkiri. Obìnrin ẹlẹ́ja kan dìde, ó ń nu ojú. “Ẹ má fi ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹ ti gbàgbé omi ẹ̀rọ tiwa? Àbí kì í ṣe orí wa la fi pọnmi kànga kún táǹkì yẹn, kí omi lè rí nǹkan yọ lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá wá ṣí i? A jó, a kọrin. Ọkọ̀ wọn kò tíì dé oríta tí ẹ̀rọ ti gbẹ. Ṣé ó ti yọ omi láti ọjọ́ náà?”

“Kò yọ o!” ni wọ́n dáhùn, wọ́n ń lu ara wọn lọ́wọ́. Ìyá Àdínì ní kí wọ́n dákẹ́, ó ní àdúà tí wọ́n ṣe kò lè ṣòfò, Ọlọ́run á bá mi tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí àìsàn bá dé lóòótọ́. Gbogbo wọn ṣe “Àmín,” wọ́n sì tún ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Wọ́n dárí jì mí ní wéréwéré, bí ẹni tó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi sìn mí dé ibùdókọ̀. A dúró kí ọkọ̀ kún. Wọ́n ń wo ọ̀nà nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

“Ọjọ́ tí wọ́n ṣí omi yẹn, èmi ni wọ́n gbé kọ́ọ̀bù fún. Èmi ni mo kọ́kọ́ mu ún lójú wọn. Mo ní ó dùn.”

“Ṣé kò dùn ni, Màámi?”

“Omi kànga wa ni. Ó dùn.” Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe. “Ṣùgbọ́n èmi ò sunkún fún wọn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, ẹkún yẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́. Mo wo ojú wọn, mo sì rí i pé bí mo bá sọ ọ́, ńṣe ni ọ̀rọ̀ á tún burú sí i. Mo wọ ọkọ̀. Wọ́n dúró títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà kí ìyá ẹgbẹ́ òṣèlú tó tún wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣí lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì ń wá àwọn ìyá tó máa jókòó, tí wọ́n á sọ pé ọmọ àwọn wà níbẹ̀.

“Mi ò ní lè wá,” ni mo wí.

“Kí ló dé?”

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi. “Ara mi ò yá,” ni mo wí.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ara yín ò yá lóòótọ́, àbí ara yín ò yá bíi ti ọjọ́sí?” Ó rẹ́rìn-ín títí, ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì kọjá sí ilé kejì. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo gbọ́ tí ìyá ilé náà ń bi í pé irú aṣọ wo ló yẹ kí òun wọ̀.